Ìyá Kì Í Ṣe Alábàárù



Ìbéèrè kan wà tí àwọn tọkọtaya kan ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi wá lẹ́yìn Mísà, tí ó sì yẹ kí a dáhùn ní gbangba. Wọ́n ti gba Sákrámẹ́ǹtì Ìgbéyàwó. Ọdún ti gorí ọdún. Ọmọ kò tíì dé. Wọ́n wá gbọ́ pé ní òkè òkun, obìnrin kan wà tí yóò gba oyún rù fún wọn, tí yóò bí ọmọ náà, tí yóò sì gbé e lé wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá ti san iye tí a dá lé wọn. Wọ́n ní: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ṣebí ọmọ ni a ń wá?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹkún ni ó bí ìbéèrè yìí. Ní ilẹ̀ wa, ẹni ọmọ sin ni a ń sọ pé ó bímọ. Obìnrin tí kò tíì gbé ọmọ pọ̀n ń gbọ́ òwe lẹ́nu àwọn ará ilé ọkọ. Níbi ìkómọjáde ẹlòmíràn, àdúrà tí a ń gbà fún un pàápàá a máa gún un lọ́kàn. Ìjọ Mímọ́ kò fojú kékeré wo ìrora náà. Ìfẹ́ láti bímọ dára, Ọlọ́run ni ó fi í sí ọkàn ọkọ àti aya. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tí ó dé ibi rere ni ọ̀nà rere.

Ẹ̀kọ́ inú Ìwé Mímọ́

Ẹ ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 16. Sáráì, tí a wá mọ̀ sí Sárà, kò bímọ. Ó fa ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, ará Íjíbítì, lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí òun lè ti ara rẹ̀ ní ọmọ. Ẹ kíyè sí i pé nínú orí náà, nígbà tí ọkọ àti aya ń sọ̀rọ̀ obìnrin yìí, wọn kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìránṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìjà dé, tí ó sì sá lọ sí aginjù pẹ̀lú oyún nínú, áńgẹ́lì Olúwa ni ó pè é ní Hágárì, tí ó sì bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ. Obìnrin náà sì jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run rí òun. Níbi tí ènìyàn ti rí ilé-ọmọ tí ó ṣeé lò, Ọlọ́run rí ọmọ ènìyàn tí ó ní orúkọ.

Bí ọ̀ràn náà ti rí lónìí

Báyìí ni a ń ṣe é. Àwọn oníṣègùn a máa da àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ mọ́ ẹyin obìnrin nínú àwo; nígbà mìíràn ẹyin náà kì í ṣe ti aya, ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ti rà á. Wọn a gbé ọlẹ̀ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde sínú obìnrin mìíràn. Ìwé àdéhùn ni ó ń ṣàkóso ìyókù: iye owó, ìtọ́jú, àti ọjọ́ tí a ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí òwò yìí máa ń fìdí kalẹ̀ sí. Índíà fàyè gbà á ní ọdún 2002, àwọn àjèjì sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ní 2015 ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì, òfin ọdún 2021 sì fòpin sí òwò náà. Tàílándì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní 2015, lẹ́yìn ariwo tí ó ta ní ọdún 2014 lórí àwọn ìbejì kan: ọ̀kan lọ sí Australia, èkejì, tí a bí pẹ̀lú Down syndrome, kù sọ́dọ̀ obìnrin tí ó bí wọn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìbejì jẹ́, ẹ rò ó wò. Ní 2016 Kàmbódíà náà fòfin dè é. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ẹnubodè pa, ọmọ ìkókó tí ó ju 40 lọ ni ó wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Kyiv, ní Ukraine, tí wọ́n ń dúró de àwọn tí wọ́n sanwó nítorí wọn. Bí a bá ti ilẹ̀kùn kan, òwò náà a wá ilẹ̀kùn mìíràn, níbi tí àwọn obìnrin tí owó ń pọ́n lójú wà.

Àwọn ará wa tí ń gbé ìlú Lọ́ńdọ̀nù náà gbọdọ̀ mọ̀ pé ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gbé oyún ni ìyá ọmọ, ì báà ṣe òkèèrè ni a bí i sí, títí ilé-ẹjọ́ yóò fi pàṣẹ mìíràn. Ní Ítálì, òfin ọdún 2024 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba fún ọmọ ilẹ̀ náà láti lọ ṣe é ní orílẹ̀-èdè mìíràn.

Alábàárù a máa gba ẹrù lórí, a sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ilé ẹlẹ́rù, a gba owó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Oyún kì í ṣe ẹrù, ìyá kì í sì í ṣe alábàárù.

Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Kí ni Ìjọ Mímọ́ fi kọ́ni?
Ìdáhùn: Ìwé Donum Vitae ti ọdún 1987 àti Katikísìmù (nọ́ńbà 2376) sọ pé ó lòdì sí ìwà mímọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2024, olóògbé Póòpù Francis rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti fòfin dè é. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìwé Dignitas Infinita tún fi ìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀. Ó ń sọ obìnrin di ohun èlò, ó ń sọ ọmọ di ohun àdéhùn, ó sì ń mú ẹni kẹta wọ inú ohun tí Ọlọ́run fi sí àárín ọkọ àti aya nìkan. Ẹ̀bùn ni ọmọ. Kì í ṣe gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ wá.

Ìbéèrè: Bí obìnrin náà kò bá gba owó ń kọ́?
Ìdáhùn: Inú rere rẹ̀ kò yí ìdí ọ̀rọ̀ náà padà. A ṣì ti pinnu, kí a tó lóyún ọmọ náà, pé a ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ìbéèrè: Ọmọ tí a ti bí lọ́nà yìí ńkọ́?
Ìdáhùn: Àwòrán Ọlọ́run ni. Kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ẹni tí ó bá tàbùkù rẹ̀ ni ó ṣẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni ìtanù. Àánú Ọlọ́run ń dúró dè wọ́n nínú Sákrámẹ́ǹtì Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Ẹ lọ rí oníṣègùn, ẹ̀yin méjèèjì. Àìsàn lè wà lára ọkọ gẹ́gẹ́ bí ó ti lè wà lára aya. Ọ̀pọ̀ aya ni a sì ti dá lẹ́bi lórí ohun tí kò sí lára rẹ̀. Ìtọ́jú tí ń wo àìsàn sàn, tí kò sì gba ipò ọkọ àti aya, Ìjọ kò lòdì sí i. Ẹ tún lè gba ọmọ aláìlóbìí tọ́, láti ọwọ́ ìjọba àti ilé-ẹjọ́. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ilé òkùnkùn tí a ti ń bí ọmọ fún títà. Ẹ̀ṣẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ọmọ kò bá sì dé, ìgbéyàwó yín pé níwájú Ọlọ́run. Katikísìmù (nọ́ńbà 2379) rán yín létí pé ẹ lè so ìrora yín mọ́ Àgbélébùú Olúwa, kí ẹ sì di òbí fún ọ̀pọ̀ nípa iṣẹ́ àánú.

Ìpinnu fún ọ̀sẹ̀ yìí: Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tún bi tọkọtaya léèrè ìgbà tí wọn yóò pe wá sí ìkómọjáde. Ẹ bẹ̀ wọ́n wò, ẹ bá wọn jẹun, ẹ pè wọ́n ní orúkọ wọn. Ọlọ́run tí ó rí Hágárì ní aginjù kò ṣàìrí wọn.