Kí Ni Ẹ̀dá Inú Kọ̀ǹpútà Ń Wò?

ÌBÉÈRÈ: Aránṣọ ni mí. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní òun ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú rẹ̀ ń wo ara wọn kọ́ṣẹ́. Mo bi í bóyá wọ́n lójú, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Kí gan-an ni wọ́n ń wò? Ṣé ọ̀lẹ kọ́ ni ẹni tó ń wo tẹlòmíràn ṣe?
Ìyá Aránṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Wọn ò lójú rárá, nọ́ńbà lásán ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá "wo" èkejì, ètò náà kàn ń da nọ́ńbà iṣẹ́ tí èkejì ń ṣe kọ sínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ni.

Ní ti ọ̀lẹ, Kevin Laland, Luke Rendell àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì St Andrews, ní Scotland, ti fi ìdíje ètò kọ̀ǹpútà wádìí rẹ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ yúrò 10,000. Iṣẹ́ 100 ló wà nínú ayé kọ̀ǹpútà wọn, èrè wọn sì ń yí padà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dá lè dán iṣẹ́ tuntun wò, ó lè wo ẹlòmíràn, tàbí kó fi èyí tó ti mọ̀ pawó. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ń mówó wọlé. Ètò 104 ló kópa nínú ìdíje náà.

Èmi ìbá ti ní ẹni tó ń dán nǹkan wò ni yóò borí. Rárá o! Nínú èsì tó jáde ní 2010, ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti Kánádà, Daniel Cownden àti Timothy Lillicrap, ló gbégbá orókè. Bó bá fẹ́ kọ́ nǹkan, wíwò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe ṣáá. Ohun tó sì ti pẹ́ tó ti kọ́ ọ, kì í fọkàn tán an bíi tuntun.

Ẹ̀yin gan-an mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yín ò rí gbogbo aṣọ tí ẹ bàjẹ́ kí ọwọ́ yín tó mọ sísásì; èyí tó yọrí sí rere nìkan ló ń bá lọ́wọ́ yín. Ẹni tí à ń wò ti bá wa ṣa iṣẹ́ náà tán.

Àmọ́ bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá kún fún awòṣe, ta ni yóò gé àrà tuntun? Ẹ ní kí ọmọ yín yí èrè gbogbo iṣẹ́ inú ètò rẹ̀ padà lójijì lójú yín, kí ẹ jọ wo iye tí ebi yóò pa.