Àpótí Ìmọ̀: Owó Ìpamọ́ àti Owó Ìrànwọ́

Òṣùwọ̀n ìní ni kí ìjọba kọ́kọ́ wo ohun tí ènìyàn ní, títí kan owó tó fi pamọ́, kí wọ́n tó fún un ní owó ìrànwọ́.

Àpẹẹrẹ: Ọmọ ìlú Ìgbògbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́tọ̀ọ́ sí Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba ibẹ̀, ó sì ní £7,000 ní báńkì. Òfin ibẹ̀ kì í ka £6,000 àkọ́kọ́. Lórí £250 kọ̀ọ̀kan tó bá lé, wọ́n á yọ £4.35 lóṣù nínú owó ìrànwọ́ rẹ̀.

£7,000 − £6,000 = £1,000
£1,000 ÷ £250 = 4
4 × £4.35 = £17.40

£17.40 ni wọn yóò máa yọ lóṣooṣù. Bí owó tó fi pamọ́ bá ju £16,000 lọ, kò ní í rí nǹkan kan gbà.

Ní Nàìjíríà, àwọn ará àdúgbò ló ń tọ́ka sí ìdílé tó tálákà jù fún National Social Register, ìwé orúkọ àwọn aláìní tí ìjọba ń lò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ta kókó: ṣé ó yẹ kí wọ́n ka owó àjọ mọ́ ọrọ̀? Ìyá ẹlẹ́ja tó ń dá àjọ ₦500 lójúmọ́ ní Ìgbògbò yóò kó ₦14,500 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, nígbà tí alájọ bá ti yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀. Ṣé olówó wá ni? Lójú tèmi, rárá o: owó ẹja tí yóò rà lọ́la ni.