Ìlú ni àbí ìlù?

Mo lọ síbi ìnáwó òkú ìyá àgbà kan ní Mọ́níyà, mo sì fi fóònù ká ohùn àwọn onídùndún sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo kó o sórí kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ ní “ilu moniya”. Ó pẹ́ kí n tó tún wá a. Méjì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo bá. Nínú èkejì, àwọn àgbà ló ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó.

Àká ohùn ni mo ń pe ibi tí à ń kó irú nǹkan báyìí sí, torí àgbẹ̀ agbègbè Akínyẹlé, níbi tí Mọ́níyà wà, mọ àká. Àgbàdo tí wọn yóò fi ṣe irúgbìn kì í dà pọ̀ mọ́ ti jíjẹ. Orúkọ tí kò ní àmì ohùn ló ń da tiwa pọ̀.

Awọ ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò lè pe fáwẹ́lì. Ohùn nìkan ló mọ̀. Bí onílù bá lu ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè jẹ́ ìlù, ó lè jẹ́ ìwà, ó lè jẹ́ ọ̀nà. Bó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, ìlú lè ni, ìyá lè ni, ẹ̀kọ́ lè ni. Ìlú àti ìlù kò lè pàdé lórí dùndún láéláé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń pàdé, nítorí ohun tí ìlù mú la jù nù nígbà tí à ń tẹ orúkọ. Ẹni tó ń kó orin Ṣáínà jọ kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀: èdè elóhùn ni tiwọn náà, ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ẹ tún kíyè sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn kan ń fi àmì roboto sí i, àwọn kan ń fi ìlà kékeré. Ojú wa gbà pé ọ̀kan náà ni. Lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Ẹni tó bá fi roboto wá “ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀” lè má rí èyí tí wọ́n fi ìlà kọ. Ọ̀kan ni kí àká kan mú, kó má yẹsẹ̀.

Ìwádìí irú nǹkan báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: láti 1962 ni Institute of African Studies ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, onímọ̀ orin Akin Euba sì kọ ìwé ńlá lórí dùndún ní 1990. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la, ohùn nìkan kò ní tó o. Ó yẹ kó bá ohun tí ìlù wí nínú àkọsílẹ̀, láti ẹnu ẹni tó lù ú.

Mo padà sí Mọ́níyà, mo fi fóònù sétí bàbá onílù náà. “Bàbá, ibi yìí, ṣé ‘ìyá dé’ lẹ wí?”

“Ìyá dé kẹ̀? Ṣebí òkú ìyá la wá sin. ‘Ìlú pé’ ni mo wí.”

Mo tún orúkọ ohùn náà kọ lójú wọn, tàmì-tàmì: Ìlù dùndún, Mọ́níyà, òkú ìyá àgbà, “ìlú pé”.