Owó Nìkan Kọ́ Ló Pa Ọbẹ̀ Náà

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn agbaṣẹ́ṣe ojú títì tiẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ràn òwe yìí jù. Bí owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá ti dọ́wọ́ wọn, ẹ̀rọ tó ń tẹ́ ọ̀dà, èyí tí wọ́n ń pè ní péfà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sáré lọ rà, èyí tó tóbi jù lọ tí agbára wọn ká. Wọ́n gbà pé títì tó dán ti délé nìyẹn.

Mo rí irú rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí lójú títì kan nítòsí Ìbàdàn, inú sì bí mi. Péfà náà tóbi, ṣéènì ló fi ń rìn. Típà kan da ọ̀dà sínú agbada iwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi tẹ́ ẹ tán, ó sì dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ jókòó sábẹ́ igi káṣú. Kí típà kejì tó dé, ọ̀dà tó ṣẹ́kù sí igun agbada ti dì. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èyí tó gbóná, ẹ̀rọ sì tún gbéra. Níbi tó ti dúró gẹ́lẹ́, kókó kan yọ dábùú ojú títì láti etí kan dé èkejì. Rólà lọ, rólà bọ̀, kókó ò lọ.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Lẹ́yìn péfà ni screed wà, irin pẹrẹsẹ gbígbóná tó ń tẹ́ ọ̀dà. Wọn ò dè é pa mọ́ ara ẹ̀rọ. Apá gígùn méjì ni ẹ̀rọ fi ń wọ́ ọ, ó sì ń léfòó lórí ọ̀dà fúnra rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ Barber-Greene ní Amẹ́ríkà ti ń lo ọgbọ́n yìí, òun náà ló wà nínú ẹ̀rọ Vögele, Dynapac àti Caterpillar dòní. Ohun tó ń léfòó ò fẹ́ ìdádúró. Bí ẹ̀rọ bá dúró, screed á rì díẹ̀, ọ̀dà ìdí rẹ̀ á tutù. Bó bá tún gbéra, á gun orí èyí tó ti le, kókó á sì jáde. Èyí tó tún burú ni ti ìgbóná. Ọ̀dà máa ń kúrò ní pílántì tí wọ́n ti ń pò ó nígbà tó bá gbóná tó 150 tàbí 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti tutù dé nǹkan bí 80, rólà ò lè fún un pọ̀ dáadáa mọ́. Omi òjò á ráyè wọlé, kòtò ló sì máa yọrí sí.

Nítorí náà, kí agbaṣẹ́ṣe tó béèrè iye tí wọ́n ń ta péfà, kó kọ́kọ́ béèrè iye ọ̀dà tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kan ń gbà fẹ̀ tó mítà 3.65. Bí ọ̀dà tí a fẹ́ tẹ́ bá nípọn tó mìlímítà 50, mítà gígùn kọ̀ọ̀kan máa jẹ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 0.44. Pílántì tó ń po tọ́ọ̀nù 60 ní wákàtí kan ò lè bọ́ ju mítà 137 lọ ní wákàtí náà, ìyẹn mítà méjì àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí típà kọ̀ọ̀kan bá ń kó tọ́ọ̀nù 30, tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìkẹ́rù bá gba wákàtí méjì ààbọ̀, típà márùn-ún la nílò kí péfà má baà dúró, ìyẹn bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò bá há wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Péfà tó lè tẹ́ tọ́ọ̀nù 600 ní wákàtí kan, kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ebi ni yóò máa pa á láti àárọ̀ dalẹ́.

Owó tí agbaṣẹ́ṣe ojú títì Ìbàdàn yẹn ná sórí títóbi péfà, típà ni ìbá fi rà. Ibí yìí ni èmi àti òwe wa ti pínyà. Owó lè ra ẹja, ó lè ra epo; àmọ́ ọbẹ̀ tí iná ń kú lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, owó ò lè mú un dùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mo ní kó lọ ra ẹgẹrẹmìtì. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ń rà, mi ò rí àbùkù nínú ìyẹn. Èyí tó ń dùn mí ni pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n máa ń tẹ́tí sí. Wọ́n á ṣáná sí i, ó dún dáadáa, wọ́n sanwó. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe, mẹkáníìkì rẹ̀ ò wọ́n. Screed ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi irin tì í dáadáa kó má baà já lu ènìyàn, kẹ́ ẹ wá na okùn sábẹ́ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ibi tí okùn bá ti jìnnà sí irin, ibẹ̀ ló ti jẹ tàbí tó ti tẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì máa hàn lójú títì. Ẹ ní kí wọ́n mú un gbóná, kẹ́ ẹ wá wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sórí irin náà káàkiri. Ibi tí omi ò bá ti hó ṣáá, ooru ò dé ibẹ̀. Ọ̀dà á máa lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa fa ojú títì ya.

Ẹ wo irin ayíbírí tó ń pín ọ̀dà sọ́tùn-ún sósì. Bí ètè rẹ̀ bá ti jẹ, ọ̀dà ò ní dé etí dáadáa. Bí ọ̀dà bá ti di òkúta ní igun agbada, ẹ mọ̀ pé ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ kì í fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó wákàtí kan, kí oíìlì gbóná, torí pọ́ǹpù tó ti gbó máa ń bo àṣírí ara rẹ̀ nígbà tí oíìlì ṣì tutù. Ẹ béèrè àwọn irin tí wọ́n ń so mọ́ etí screed kó lè fẹ̀ sí i, àti sensor tó ń ṣọ́ bí ọ̀dà ṣe ga tó. Wọ́n lè ti kù sókè òkun. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù náà ní wàhálà tirẹ̀: dísù tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré jọjọ ni ẹ́ńjìnnì wọn ń fẹ́.

Ẹni tó ń ṣe títì ìjọba ìbílẹ̀ àti ti inú ẹ̀sítéètì, péfà tí screed rẹ̀ ń fẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 2.5 dé 5 tó o. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá le, kó mú ẹlẹ́sẹ̀ táyà, ó yá lẹ́sẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Oníṣéènì, ọkọ̀ ńlá ló gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri. Ẹni tí iṣẹ́ ọ̀dà rẹ̀ lọ́dún ò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, kó yá péfà lò. Ẹni tó sì fẹ́ jẹ gbèsè bánkì nítorí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kó rántí pé láti ọdún 2023 tí David Umahi ti di Mínísítà fún Iṣẹ́ Òde, kọnkéré ló ń tì lẹ́yìn fún àwọn títì ńlá. Kọnkéré ni wọ́n ń fi ṣe títì etíkun láti Èkó lọ sí Calabar.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù lójú iṣẹ́ ni ọ̀gá tó ń dúró lórí screed lẹ́yìn. Bó bá yí ọwọ́ ìnípọn, ó mọ̀ pé screed ò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ á ti rìn tó ìlọ́po márùn-ún gígùn apá tó ń wọ́ ọ kí àyípadà náà tó pé. Ẹni tí ò mọ̀ á yí i, á tún yí i padà, títì á wá máa gòkè máa sọ̀ kalẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ń tì mí lójú, nígbà tí ẹ̀rọ tó dúró lé lórí gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ wo péfà, ẹ mú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ dání. Òun ni kó na okùn, òun ni kó wọ́n omi. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí gáàsì tí wọ́n máa fi mú screed gbóná lọ́jọ́ náà, ẹ má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ ní kó pè yín nígbà tó bá ṣe tán.