Ẹ Má Fi Ìbéèrè Dátábéèsì Ránṣẹ́ Wúruwùru

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìbéèrè dátábéèsì tán, tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkejì yín, ẹ má kàn dà á sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ.

Mo mọ èsì yín. Ẹ ó ní SQL, èdè tí a fi ń kọ ìbéèrè dátábéèsì, kì í ka ìlà sí. Òótọ́ ni: láti 1974 tí Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti gbé e jáde ní IBM, nígbà tó ṣì ń jẹ́ SEQUEL, ẹ lè kọ ọ́ sórí ìlà kan tàbí ogún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìlà ti ń pa ni. Àmì -- ń sọ fún dátábéèsì pé àlàyé lásán ni ìyókù ìlà náà. Ẹ wo èyí:

```sql
DELETE FROM onibara -- awon to ti lo nikan
WHERE ipo = 'pipade';
```

Àwọn tí àkáǹtì wọn ti di pípadé nìkan ni èyí yóò pa rẹ́. Bí ìlà méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ra lójú ọ̀nà ńkọ́? WHERE ti bọ́ sínú àlàyé nìyẹn, gbogbo oníbàárà ló máa lọ. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní psql lè dúró de àmì ìparí (;) tó ti wọ inú àlàyé náà. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mìíràn kò ní dúró, wọn kò sì ní ké.

Àwọn ìbàjẹ́ yòókù sàn díẹ̀, nítorí wọ́n ń pariwo. Microsoft Word a máa tẹ àmì àyọlò tó dúró ṣánṣán kọdọrọ, dátábéèsì á sì kọ̀ ọ́. WhatsApp a máa gbé ìràwọ̀ méjì tó há ọ̀rọ̀ mọ́ àárín mì.

Oògùn rẹ̀ nìyí: ẹ fi àmì ` mẹ́ta ṣáájú ìbéèrè náà, kí ẹ fi mẹ́ta kádìí rẹ̀. WhatsApp pàápàá mọ̀ ọ́n. Lórí GitHub, ẹ kọ sql tẹ̀lé mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọ̀ yóò sì jáde. Àwọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Àwọ̀ àlàyé yàtọ̀ sí ti àṣẹ. Bí WHERE bá ti gbé àwọ̀ àlàyé wọ̀, ojú yín á rí i kí ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ ní àwọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó gbà á ni yóò tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, tí yóò máa fi O pe 0.

Ní tèmi, mo fẹ́ràn /* */ ju -- lọ nínú ohun tí a óò fi ránṣẹ́, torí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Bí ìlà tilẹ̀ dàrú, kò ní gbé àṣẹ kankan mì. Èyí tó bá gùn, ẹ fi sínú fáìlì .sql.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi DELETE tàbí UPDATE ránṣẹ́ sí yín lórí ìlà kan gbọọrọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ dá a padà fún un, kó tún un fi ránṣẹ́ bó ṣe yẹ.