Èémí Wa àti Ọkàn Wa: Ẹ̀kọ́ Lórí Mímí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Ẹ̀kọ́ wa fún ìdámẹ́rin ọdún yìí dá lórí ohun kan tí a ń ṣe tọ̀sán-tòru tí a kì í sì í kíyè sí. Ohun náà ni mímí.

Ìdí tí a fi yàn án nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ kan sì ń tàn ká láàárín wa pé àwọn ará Íńdíà ní irú mímí kan tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, àti pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kò nílò oògùn mọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àṣìṣe tó lè pani sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

1. Níbo ni ó ti wá?

Apá kan yoga ni. Pranayama ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà, èyí tí í ṣe ìdarí èémí. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn olùkọ́ yoga ti ń kọ́ni. Ní 1924, Swami Kuvalayananda dá ilé ìwádìí Kaivalyadhama sílẹ̀ ní Lonavla, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ yẹ ohun tí yoga ń ṣe sí ara wò.

Ẹ kíyè sí i pé mímí yìí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà tí a ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òmíràn wà tí a ń mí kíákíá pẹ̀lú agbára. Bhastrika ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹwìrì, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná. A tún rí èyí tí a ń sé èémí mọ́nú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkàn kò dọ́gba. Ti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń tu ọkàn lára, ti ẹwìrì ń mú un sáré.

2. Báwo ni èémí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọkàn?

Ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tó ń lù ní àyà, kì í ṣe èrò inú. A kò lè pàṣẹ fún un pé kí ó sáré tàbí kí ó rọra. Ẹgbẹ́ iṣan ìmọ̀lára méjì ló ń darí rẹ̀. Ọ̀kan dà bí ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹná mọ́tò: nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá tàbí tí inú bá bí wa, òun ló ń mú ọkàn sáré, tó sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Èkejì dà bí bíréèkì. Olórí bíréèkì yìí ni iṣan tí àwọn dókítà ń pè ní vagus, tó ti inú ọpọlọ gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí àyà àti ikùn.

Ní 1921, Otto Loewi fi ọkàn àkèré méjì dán an wò. Ó mú kí iṣan vagus ti ọ̀kan ṣiṣẹ́, ọkàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Ó bu omi tó wà lára rẹ̀ sí èkejì, òun náà sì rọra. Bí ó ṣe mọ̀ nìyí pé iṣan náà ń tú ohun kan jáde tó ń dá ọkàn lẹ́kun. Òun àti Henry Dale ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936.

Nígbà tí a bá ń mí sínú, bíréèkì yìí a dẹ̀, ọkàn a yára díẹ̀. Nígbà tí a bá ń mí síta, bíréèkì a mú, ọkàn a rọra. Ẹ fi ìka kan ọrùn ọwọ́ ọmọ-ọmọ yín nígbà tó bá ń mí kanlẹ̀, ẹ lè mọ̀ ọ́n lára, nítorí ó máa ń hàn lára ọmọdé ju àgbà lọ. Nítorí náà, èémí nìkan ni ọwọ́ wa lè tó nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń rọra mí síta ń ran bíréèkì lọ́wọ́.

3. Kí ni ìwádìí fi hàn?

Ní 1975, Dókítà Chandra Patel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín aláìsàn 34 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sí ọ̀nà méjì. Ó kọ́ apá kan ní ìsinmi ti yoga fún ọ̀sẹ̀ 6, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi hàn wọ́n bí ara wọn ṣe ń rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ láti 168 lórí 100 sí 141 lórí 84. Ti àwọn tó kàn ń sinmi lásán wálẹ̀ láti 169 lórí 101 sí 160 lórí 96.

Ní 2001, Luciano Bernardi ní Pavia, ní Ítálì, kó ènìyàn 23 tí ara wọn le jọ. Wọ́n ka àdúrà rosary ní èdè Látìn, wọ́n sì tún ka ọ̀rọ̀ àkàtúnkà ti yoga. Méjèèjì mú èémí wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí 6 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà a máa mí tó 12 sí 20. Ara tó ń ṣọ́ agbára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan sì já fáfá sí i. Kí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn mìíràn ni mímí pẹ̀lẹ́ fi ọkàn balẹ̀. Ara kò béèrè ìjọ tí a ń lọ.

Ní 2005, wọ́n ní kí aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru 20 mí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́mbà òkè ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ láti nǹkan bí 150 sí 141. Ó dára, ṣùgbọ́n 141 ṣì ga.

4. Àṣìṣe tí àwa náà ṣe

Láti ìgbà tí a ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni a ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí a kọ́ mímí yìí, a ń sùn dáadáa, àyà wa kì í já ṣáá mọ́. A rò pé ó ti parí. A kó oògùn sínú àpótí, a kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ wa obìnrin rọ̀ wá kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Orí kò fọ́ wa, òòyì kò kọ́ wa, síbẹ̀ ẹ̀rọ kà 190 lórí 110. Nọ́ọ̀sì wò wá lójú, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti jáwọ́ nínú oògùn, àbí?” Ojú tì wá púpọ̀.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ni kí ó tó ṣe ni. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kọ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ ni. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù kò tún ní ráyè sọ pé òun kò mọ̀.

5. Bí a ṣe lè ṣe é

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí èjìká rọ̀. Ẹ gba imú mí sínú, kí ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Ẹ rọra mí síta, kí ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ mí bí ẹ ti máa ń mí.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, àti aláboyún, kò gbọdọ̀ ṣe ti ẹwìrì tàbí kí ó sé èémí mọ́nú. Kí ẹnikẹ́ni má sì dín oògùn kù láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bí àyà bá ń dun ni, tàbí tí apá kan ara bá kú lójijì, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ mú èémí yín, kí ẹ sì mú oògùn yín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn nígbà tí a bá ń mí síta?
(b) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín mímí pẹ̀lẹ́ àti mímí bí ẹwìrì?
(d) Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa ni a mọ̀ pé ó ti pa oògùn rẹ̀ tì? Báwo ni a ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ láìdójú tì í?