WÀRÀ TÚTÙ, WÀRÀ KÍKAN ÀTI WÀRÀ DÍDÌ: ÈWO NI Ó BÁ ARA WA MU?

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn ará ilé wọn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹnì kan nínú yín bá ti Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, ó ṣeé ṣe kí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí ọ̀nà Ìbà ti já sí títì ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ní irú oríta bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí oríṣiríṣi ohun tí a fi omi ọmú màlúù ṣe. Ẹnì kan gbé igbá nónò pẹ̀lú fúrà. Ẹnì kejì gbé wàrà tí ó wà nínú omi rẹ̀. Ẹnì kẹta to agolo mílíìkì sórí àtẹ. Ẹnì kẹrin ń ta yógọ́ọ̀tì tútù nínú ike. Owó kòkó ń bẹ ní àpò bàbá náà, ó sì fẹ́ mú ohun rere lọ sí ilé fún aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èwo ni kí ó rà? Àbí kí ó má rà á rárá? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà rú ara wọn, a óò pe omi ọmú màlúù tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn ní wàrà tútù, ìbáà ṣe èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, ìbáà ṣe ti inú agolo. A óò pe nónò àti yógọ́ọ̀tì ní wàrà kíkan. Èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi oje ewé bọ̀mubọ̀mu mú dì ni a óò pè ní wàrà dídì.

1. Ìdí tí wàrà tútù fi ń da inú ọ̀pọ̀ nínú wa rú

Ẹ jẹ́ kí á wo bàálé ilé kan tí ó ta kòkó rẹ̀, tí ó ra mílíìkì, tí ó sì da agolo méjì sínú ife ńlá ní òwúrọ̀, tí ó mu ún láìjẹ nǹkan kan. Kí ó tó di ọ̀sán, inú rẹ̀ ti ń kùn, ó ti wú, ìgbẹ́ gbuuru sì ti bẹ̀rẹ̀. Òun lè rò pé ẹni tí ó tà á fún òun ni ó fi nǹkan sí i. Àwọn ará ilé lè máa fura sí ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́.

Ṣúgà kan wà nínú wàrà tútù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lactose. Nínú gíráàmù 100 wàrà màlúù, ṣúgà yìí tó nǹkan bíi gíráàmù 5. Oje kan wà nínú ìfun ọmọ ọwọ́ tí ń fọ́ ṣúgà náà sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, oje yìí a máa dín kù díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ayé. Ṣúgà tí a kò fọ́ yóò wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ibẹ̀ yóò jẹ ẹ́, wọn yóò sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Omi pẹ̀lú yóò sì rọ́ wọ inú ìfun. Èyí ni ó ń fa kíkùn, wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru.

A ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín wa. Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé tí ó kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, tí ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti 1985 títí di 1992, wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ní ọdún 1971, òun àti Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n ti kúrò ní ọmọ ọmú, ni kò lè fọ́ ṣúgà wàrà dáradára. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Fúlàní darandaran lè fọ́ ọ.

Kí ni ìdí rẹ̀? Láti ìran dé ìran ni àwọn Fúlàní ti ń fi wàrà ṣe oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn tí wàrà bá lára mu ni ó rí agbára gbà nínú rẹ̀ ní ìgbà ọ̀dá, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ní ti ilẹ̀ igbó wa, òjìji àti ọ̀rinrin tí ń mú kí kòkó ṣe dáradára náà ni eṣinṣin tsetse fẹ́ràn, eṣinṣin yìí sì ń kó àrùn apànìyàn-pẹran ran màlúù. Ìwọ̀nba màlúù kékeré bíi Muturu ni ó lè farada á, wàrà wọn kò sì pọ̀. Nítorí náà àwọn baba wa kò fi wàrà ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Kì í ṣe àrùn ni ó ń ṣe wá, kì í sì í ṣe àbùkù. Ohun tí ó yẹ ni ni ó yẹ ni. Okùn ọrùn kò yẹ adìẹ.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kí á sá fún un pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò lè fọ́ ṣúgà yìí dáradára ni ó lè gba nǹkan bíi gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó wà nínú ago kan tí ó gba milílítà 250, láìsí ìdààmú púpọ̀, pàápàá bí wọ́n bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Agolo méjì ní òfìfo inú ni ó da bàálé ilé wa láàmú.

2. Ohun tí kíkan ń ṣe sí wàrà

Ohun kíkan kì í ṣe àjèjì sí wa. A ń rẹ àgbàdo kí ògì tó kan. A ń fi ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò kí ó kan kí a tó yan gàrí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wàrà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú un kan a máa jẹ apá kan nínú ṣúgà rẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ di omi kíkan tí ń mú kí ó ki. Ṣúgà tí ó kù fún ìfun wa láti bá jà a sì dín kù. Lẹ́yìn èyí, àwọn kòkòrò ààyè inú yógọ́ọ̀tì a tún máa bá wa fọ́ ìyókù nínú ìfun. Ní ọdún 2010, àjọ tí ń ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ fún ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni èyí.

Ní ti wàrà dídì, púpọ̀ nínú ṣúgà náà ni ó ń bá omi jáde nígbà tí a bá gbé e sínú agbọ̀n kí ó ro. Ohun tí ń mú ara dàgbà ni ó kù nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí wàrà tútù ń dà láàmú fi lè jẹ wàrà dídì tí kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe sọ ju bí ó ti rí lọ. Elie Metchnikoff, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908, kọ́ àwọn ènìyàn pé wàrà kíkan àwọn ará Bùlùgéríà a máa mú ẹ̀mí gùn. Oúnjẹ rere ni. Ẹ̀mí gígùn kò sí nínú igbá nónò.

3. Èrè rẹ̀, àti ìdí tí kì í fi í ṣe dandan

Gíráàmù 100 wàrà màlúù ní nǹkan bíi gíráàmù 3 ohun amáradàgbà, àti nǹkan bíi milígíráàmù 120 kálísíọ́mù tí ń mú egungun le. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè rí ohun wọ̀nyí níbòmíràn. Àwọn ará Ọ̀jọ́ àti Àgbádárìgì tí ń pẹja nínú ọ̀sà ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú egungun rẹ̀, kálísíọ́mù inú rẹ̀ kò sì kéré. Ewédú àti yànmọ̀tí ní tiwọn. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ń mú ara dàgbà. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó bá ta ẹyin àti ẹ̀wà ilé rẹ̀ kí ó lè fi owó rẹ̀ ra mílíìkì alágolo, ó ti fi ohun rere ṣe pàṣípààrọ̀ láìní èrè.

4. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wàrà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Wàrà ìyá nìkan ni ó yẹ ọmọ títí di oṣù 6. Lẹ́yìn náà kí a fi oúnjẹ kún un, kí ọmọ sì máa mu ọmú títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò gbọdọ̀ fi wàrà màlúù rọ́pò ọmú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Mílíìkì dídùn tí ó ki bí oyin kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́ rárá: ní ọdún 1939, oníṣègùn obìnrin kan, Cicely Williams, dìde ní Singapore, ó sì sọ gbangba pé ìpànìyàn ni kí a máa gba àwọn ìyá níyànjú láti fi í bọ́ ọmọ wọn.

Obìnrin yìí kan náà ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà ìsinsìnyí, ilẹ̀ àgbẹ̀ kòkó bíi tiwa. Ibẹ̀ ni ó ti kọ̀wé ní ọdún 1933 nípa àrùn tí àwọn Gá ń pè ní kwashiorkor. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé ni ó sábà máa ń mú. Oúnjẹ àgbàdo nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, kì í sì í fẹ́ ṣeré mọ́. Kì í ṣe ebi ni gbogbo ènìyàn ń rò, nítorí pé ikùn ọmọ náà tóbi.

Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin òbí: ògì lásán kò tó ọmọ. Ẹ lọ ẹja gbígbẹ sí i, tàbí ẹ̀pà, tàbí ẹ̀wà, tàbí kí ẹ fún un ní ẹyin. Fún ọmọ tí ó ti ju ọdún kan lọ, ìwọ̀nba wàrà kíkan tí kò ní ṣúgà yóò ṣe é ní àǹfààní. Bí ẹ bá rí àmì àrùn yìí lára ọmọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

5. Ewu wàrà tí a kò sè

Màlúù tí ó ń ṣàìsàn lè fi ikọ́ àwúgbẹ sínú wàrà rẹ̀. Ó tún lè fi àrùn brucellosis sí i, èyí tí ń mú kí abo màlúù ṣẹ́ oyún, tí ó sì ń fún ènìyàn ní ibà tí ń lọ tí ń bọ̀ pẹ̀lú ríro oríkèé. Kíkan kò tó láti pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Iná ni ó ń pa wọ́n. Nítorí náà, kí á kọ́kọ́ se wàrà kí ó hó, kí á tó mú un kan. Ẹ bi ẹni tí ń ta nónò fún yín bí ó bá sè é. Bí kò bá sè é, ẹ má rà á. Wàrà dídì ti gba orí iná, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti omi lè tún bà á jẹ́ ní ọjà; ẹ tún un sè tàbí kí ẹ dín in kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tàbí tí ara bá gbóná, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣúgà wàrà mọ́. Ẹ lọ rí oníṣègùn.

6. Bí a ti ń ṣe wàrà kíkan ní ilé

Mú lítà 1 wàrà tútù, tàbí mílíìkì ìyẹ̀fun tí a fi omi pò tó bẹ́ẹ̀. Sè é títí yóò fi hó. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bò ó, kí o sì dúró títí ìka ọwọ́ rẹ tí o ti fọ̀ mọ́ yóò fi lè gba ooru rẹ̀. Fi ṣíbí ńlá 2 yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà sí i, kí o rò ó pọ̀. Dé ìkòkò náà, fi aṣọ nípọn wé e, kí o sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Yóò ti ki. Gbé e sí ibi tútù, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 2. Ẹni tí kò mu wàrà rí, kí ó fi ìdajì ago bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń lé tàbí tí ẹnu rẹ̀ máa ń wú bí ó bá tọ́ wàrà wò, kí ó má ṣe fẹnu kàn án rárá.

Ní ti wàrà dídì, ẹ fi ṣíṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí oje bọ̀mubọ̀mu ní oró, ó sì lè ba ojú jẹ́.

7. Ní ọjà

Ẹ ka ohun tí a kọ sí ara agolo àti ike. Bí a bá kọ ọ́ pé òróró ewéko wà nínú rẹ̀, ọ̀rá wàrà ni wọ́n yọ tí wọ́n fi òróró rọ́pò. Bí ṣúgà bá jẹ́ èkejì nínú ohun tí a tò síbẹ̀, ohun dídùn ni ẹ ń rà. Kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, pàápàá fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Ǹjẹ́ kí ni kí bàbá tí ó dúró ní Ìyànà-Ìbà rà? Kí ó ra wàrà dídì, kí ó sì dín in nígbà tí ó bá dé ilé; tàbí kí ó ra yógọ́ọ̀tì kan tí kò ní ṣúgà, kí aya rẹ̀ lè fi mú wàrà tiwọn kan. Bí owó kò bá sì tó, kí ó ra ẹja gbígbẹ fún ògì àwọn ọmọ. Kò sí ohun tí ó pàdánù.